Ẹni Bá Fẹ́ Fọ́nnu, Kó Kọ́kọ́ Sanwó

Ohun ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ní Nàìjíríà ni ìfọ́nnu. Epo mọ́tò ń lé wa kiri, gààrí ti di nǹkan tí à ń fi ṣíbí wọ̀n, omi inú ọ̀rá pàápàá ti ń ṣe fùkẹ̀. Àmọ́ èèyàn lè dìde níbi ìgbéyàwó, kó gba máìkì lọ́wọ́ alága ìdúró, kó fi odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ròyìn bí ọmọ òun ṣe rí físà gbà, kó má san kọ́bọ̀. A ó tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary. Àwọn ni mo mọ̀ tó gbówó lé ìfọ́nnu lórí.

Ẹni tí kò bá tíì bá wọn jókòó rí lè má mọ̀ pé wọn kì í pe ìpàdé wọn ní ìpàdé. Fẹ́lóṣíìpù ni wọ́n ń pè é, ẹ ó sì rò pé ilé àdúrà ni wọ́n ń lọ títí ẹ ó fi rí ìgò bíà lórí tábìlì. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ààrẹ á gbé ẹ̀wọ̀n oyè sọ́rùn, á fi òòlù kékeré lu agogo, wọn á kọ orin orílẹ̀-èdè. Láti ọdún 2024 tí ìjọba ti dá orin ayé àtijọ́ padà, àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń kọ ọ́ já gaara. Àwọn ọ̀dọ́ ń mi ètè.

Kò sí orúkọ lásán níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ààrẹ rí, PP (ìyẹn Past President) ni títí wọn á fi sin ín. Ẹni tí wọ́n bá dá ẹgbẹ̀rún dọ́là kan sí àpò àjọ náà lórúkọ rẹ̀ ti di Paul Harris Fellow nìyẹn, á sì fi báàjì rẹ̀ mọ́ agbádá. Kí wọ́n tó pe Rotarian Olóyè Ẹnjiníà PP kan délẹ̀, ọbẹ̀ á ti dì.

Lẹ́yìn èyí ni wọn á ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert Taylor kọ ní Chicago lọ́dún 1932, nígbà tí wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ ìkòkò kan tí gbèsè ti fẹ́ pa lé e lọ́wọ́. Ìbéèrè kìíní ni pé ṣé òótọ́ lohun tí a fẹ́ sọ. Àwọn yòókù ń wádìí bóyá kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, bóyá á mú ọ̀rẹ́ dán mọ́rán, bóyá á ṣe tọ̀tún tòsì láǹfààní. Wọn á kà á tán, wọn á jókòó, ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní gbúròó ìbéèrè kìíní mọ́.

Òfin ìtàn náà ò le. Bí inú rẹ bá dùn sí nǹkan kan, dìde, ju owó sínú àwo, kí o wí tẹnu rẹ. Sájẹ́ǹtì ẹgbẹ́ ló ń gbé àwo kiri, òun náà ló láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá wù ú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ bí àlejò n'Ìbàdàn, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ni sájẹ́ǹtì. Ẹ má gbàgbé pé wọn kì í gba obìnrin sínú ẹgbẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ló dá sí i lọ́dún 1987, kí àjọ náà tó ṣílẹ̀kùn kárí ayé ní 1989. Ó dà bíi pé gbogbo ọdún tí wọ́n fi tì wọ́n síta ni ọmọ yìí ń gbà padà ní náírà.

PP kan fi ₦5,000 sílẹ̀: ọmọ-ọmọ òun gbégbá orókè nínú ìṣirò ní Manchester. Kò tíì jókòó tán tí PP kejì fi ju ₦10,000 sílẹ̀. Tòun wà ní Oxford.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni sájẹ́ǹtì wí, "Yunifásítì Oxford ni, àbí Oxford Street?"

Gbọ̀ngàn dà rú. Bàbá fi ₦2,000 kún un kí ọ̀rọ̀ náà lè kú síbẹ̀. Alhaja kan ní òun ò ní ìròyìn kankan ju pé ọkọ òun ti ń tètè wálé. Wọ́n bu ₦1,000 lé ọkọ rẹ̀ tó jókòó nítòsí, nítorí pé ó rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ dókítà eyín ló ni ìpàdé. Ìtàn tirẹ̀ dá lórí ìgbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya n'Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1980. Omi yẹn ò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ò ní kí dókítà máà lò ó. Ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi létí pé nígbà tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, omi ò ju orúnkún lọ, ewúrẹ́ kan ló sì gbà là. Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, omi ti dé àyà, ewúrẹ́ ti di ọmọdé méjì. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, omi ti bo òrùlé, dókítà sì pọn ìdílé kan sẹ́yìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́nà Òkè Mápó.

Sájẹ́ǹtì gbé àwo dé iwájú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dádì. Omi ti kún sí i. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kún tàtijọ́."

Ó san án tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo rò pé ó ti ń wo bí omi ṣe máa gòkè sí i lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ owó irú àwo bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà. Rotary kó sẹ́yìn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ìyẹn polio, kárí ayé láti 1985. Ọdún 2016 ni wọ́n rí wild polio kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní Borno. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà tí WHO ń bójú tó. Àwọn obìnrin tó ń gbé kúlà láti ilé dé ilé ló ṣiṣẹ́ tó le jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu àwọn bàbá wà lára ohun tó ra òògùn.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni bánà. Wọ́n á gbẹ́ bọ́hóòlù kan, bánà tí wọ́n á fi ṣí i á gùn ju páìpù lọ, èèyàn mẹ́tàdínlógún á sì di ẹ̀rọ kan ṣoṣo mú fún fọ́tò. Iṣẹ́ ìlú tí Paul Harris tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jà fún ní Chicago, nígbà tí ó ṣì kéré, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro ni, nítòsí gbọ̀ngàn ìlú. Ìbàdàn nílò ọ̀pọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì rí PP tó fẹ́ gé ríbọ́nì níwájú ṣáláńgá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n yá ìjọba ní àwo náà. Kí wọ́n gbé ọ̀kan sí ọ́fíìsì gómìnà l'Agodi, ọ̀kan sí ọ́fíìsì alága káńsù kọ̀ọ̀kan. Ẹni bá ní "mo ti ṣe" kó ju ₦50,000 sílẹ̀. "Mo máa ṣe" kó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ya àwòrán ara rẹ̀ sára tiransifọ́mà, ẹ jẹ́ ká máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù bí owó ilé. Ní ti "nígbà tí a dé, a ò bá nǹkan kan nílẹ̀," owó iye ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ nìkan tó láti tún ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ṣe.

Mo gbé àbá yìí tọ sájẹ́ǹtì lọ nígbà tí agogo ìparí dún. Ó ní òun lè gba iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá máa fún òun ní ọlọ́pàá àti àwo tó tóbi. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ ojú-ewé kẹta tí gbogbo ìlú ń kà.

Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló gbà lọ́wọ́ mi.