Ta Ló Tú Sukúrù Tí Kò Wí?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Wọ́n gbé bàálù sókè, èèyàn wà nínú ẹ̀, sukúrù 47 ò sí lára ìrù ẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì o! Háà!

Houston ní Texas ló ti ṣẹlẹ̀, alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991. Continental Express ló ni bàálù. Rọ́bà tó máa ń gbọn yìnyín dànù létí apá kékeré orí ìrù ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, tọ̀tún tòsì. Alábẹ̀wò kan, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa yẹ iṣẹ́ ẹlòmíì wò, ló gun orí ìrù lọ bá àwọn mẹkáníìkì ìrọ̀lẹ́ tú sukúrù. Ṣé ẹ gbọ́? Ta ni yóò wá yẹ tiẹ̀ wò? Ó tú ti ọ̀tún lókè, ó tú ti òsì náà lókè, ó relé.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ alábẹ̀wò òru ti tètè dé, ó ti wo ìwé yẹn kí eléyìí tó kọ nǹkan kan sí i, kò sì padà wò ó mọ́. Àwọn yòókù ń fẹnu sọ ọ́ fún ara wọn, lágbájá sọ fún tàmẹ̀dù.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ọ̀gá òru bi ọ̀gá ìrọ̀lẹ́ pé ṣé wọ́n ti fọwọ́ kan tòsì. Bàbá dúró nílẹ̀, ó gbójú sókè wo ìrù, ó ní rárá. Ó tán! Ọ̀gá òru ní kí tòsì dọjọ́ mìíràn nìyẹn, wọ́n parí tọ̀tún, wọ́n ti bàálù síta sínú òkùnkùn, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó yá.

Láàárọ̀, ó lọ sí Laredo. Èrò kan ta jí lójú oorun torí agolo ohun mímu ẹ̀ ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ìjókòó, kò sọ ohun tó fà á. Òun náà! Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, nítòsí Eagle Lake, etí apá ìrù òsì ya kúrò, bàálù fọ́ lójú ọ̀run. Èèyàn 14 ló wà nínú ẹ̀, ẹnì kankan ò yè é.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ẹ̀ gbé ẹ̀bi ru àwọn mẹkáníìkì àti alábẹ̀wò, wọ́n fi ti àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ àti ti ìjọba sẹ́yìn. John Lauber nìkan ló yarí nínú wọn, tó ní iwájú ló yẹ kí ẹ̀bi àwọn aláṣẹ wà, torí wọn ò sọ títẹ̀lé òfin iṣẹ́ di àṣà. Èmi wà lẹ́yìn Lauber. Níbi tí alábẹ̀wò ti lè gun ìrù bàálù lọ tú sukúrù, tí ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń wá lókè, ẹ má sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀.