Oríkì Hítà, Àlejò Pedro

Ẹ súnmọ́ bí, ẹ̀yin ará Pedro l'Ékòó, àtẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣómólú, àtẹ̀yin ará Bàrígà. Ẹ wá bá mi kí Hítà oníná, tòkunbọ̀ tó bá kọ́ńtáínà sọ̀ ní Àpápá, tó forí la òkun kọjá kó lè wá mú yàrá wa gbóná.

Hítà, ọmọ a-gbóná-níbi-ooru!
Ọmọ a-bá-páànù-òrùlé-du-iṣẹ́!
Oòrùn ń mú yàrá wa gbóná lọ́fẹ̀ẹ́,
Ìwọ ní àfi ká sanwó.
Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ná ọjà ní Rye Lane,
Ẹni tí òtútù ti pa lẹ́sẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ a máa ṣàdúrà fún ọ.
Ṣùgbọ́n Pedro ni orí rẹ yàn,
Pedro tí ọyẹ́ oṣù kejìlá kì í ju kó la èèyàn létè lọ,
Tí òrí àti aṣọ ìbora sì ti ń borí rẹ̀ tipẹ́.
Akọni tó dójú ogun tí kò bá ọ̀tá!

Abínú-pọ́n-roro!
A tẹ̀ ọ́, wáyà inú rẹ pupa,
Eruku ọdún kan tó sùn sára rẹ̀ jóná,
Yàrá ń rùn, a ní òórùn ọlá ni.
Wáàtì 2,000 ni oúnjẹ rẹ,
Wákàtí kan, yúníìtì iná méjì.
Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, sọ yúníìtì àwọn oníbàárà Bándì A di ₦225,
Wákàtí kan rẹ di ₦450;
Bó o bá jó nígbà náà láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, ó di ₦3,600.
Ajẹ-yúníìtì-bí-ẹni-ń-jẹ-ẹ̀pà!
Iná pupa tó ń rọra ṣẹ́jú lára mítà,
Ó rí ọ, ó ń ṣẹ́jú wàràwàrà.

Jagunjagun!
Jẹnẹrétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù láìráhùn,
O gùn ún lọ́rùn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Ilé ṣókùnkùn,
Lanlọ́ọ̀dù ní, “Ta ló tan kí ni?”
O bá ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú wọ̀jà, o yọ́ ọ lẹ́nu.
Lóṣù keje tí òjò kò jẹ́ kí yunifọ́ọ̀mù ọmọ gbẹ,
Ẹnì kan ní òun yóò sá a sí ọ lórí.
Aláìgba-ìbora!
Ẹni tó faṣọ bò ọ́, iná lo fi ń dá a lóhùn.
Kò sógun tí o kò jà tán, àfi ogun òtútù.

Oyè wo wá ni ká fi ọ́ jẹ?
Ọmọdé ló bá wa yanjú rẹ̀.
Ooru oṣù kẹta mú, fáànù onídùúró ti bàjẹ́,
Ọmọ yìí wo bọ́tìnì rẹ fínnífínní,
Ó rí ibì kan tí wọ́n ya fáànù nìkan sí, láìsí iná.
Ó yí i síbẹ̀: wáyà rẹ dúdú, afẹ́fẹ́ lásán ń jáde.
Gbogbo yàrá ní, “Háà! Ó mà wúlò o!”
Nítorí náà, Fáànù onídùúró ṣì ni Baálẹ̀ yàrá, bó ti wù kó máa ṣàìsàn;
Ìwọ Hítà, a fi ọ́ jẹ Ọ̀tún Fáànù ti Pedro.
Oyè á mọ́rí o!