Ẹja Tí Iná Kò Kàn

Ẹni tí sushi bá ń wù jẹ ní Ògbàgì-Àkókó, kó yáa wọkọ̀ lọ sí Victoria Island l'Ékòó. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹja tí iná kò kàn lé ìrẹsì tó ti tutù, tí wọ́n á sì gba owó iṣu tí gbogbo agbo ilé lè gún jẹ. Bí ẹ bá ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà kan nílé, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ọmọ mi, ṣé gáàsì ló tán lọ́wọ́ wọn ni?”

Wasabi, gbòǹgbò lílọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, ló léwu jù nínú àwo yẹn. Ata kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ahọ́n lata ń bá jà, imú ni wasabi ń lọ tààrà. Èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n ń gbé fúnni káàkiri ayé, gbòǹgbò mìíràn tí wọ́n pa láró ewé ni. Ayédèrú rèé o, ó sì ń ta báyìí!

Àwọn ará Jàpáànù tó ni sushi gan-an, ọ̀pọ̀ wọn ló ń fọwọ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni tiwa tó wọ kóòtù wá á máa fi igi méjì lé ẹja káàkiri àwo, kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má baà mọ̀ pé ọmọ oníyán ni.

Ó kúkú ti pẹ́ tí Jàpáànù ti wọnú ìkòkò wa. Lọ́dún 1908 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda fa adùn yọ lára ewé inú òkun, òun ló di Ajinomoto. Ìyá àgbà wa yẹn ti ń bù ú sọ́bẹ̀ látìgbà ọmọge. Kò kàn san owó Victoria Island ni.