Díẹ̀díẹ̀ Nimú Dímà Ń Wọlé

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n mọ ọgbà, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá fojú di imú ni yóò máa lé odindi ẹran kiri oko ẹ̀gẹ́ bó bá dọ̀la. Ohun tí wọn ò rò ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aráyé yóò fowó ara rẹ̀ ra imú ọ̀hún, tí yóò kàn án mọ́ ògiri, tí yóò sì máa fi fóònù pàṣẹ fún un.

Dímà ni mò ń wí, súwíìṣì olóye tí títan iná àti pípa á nìkan ò tó fún, àfi kó máa wọn ìmọ́lẹ̀ fúnni: ẹ̀kún, ìdajì, tàbí bàìbàì débi pé èèyàn ò ní mọ ẹni tó jókòó síwájú òun. Ẹrù Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà ń gba èbúté Àpápá l'Ékòó wọlé, tírélà ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Liverpool Road, ibẹ̀ sí Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ kò sì jìnnà. Ta ni kò ní rí tirẹ̀ gbà?

Ká ní bàbá onílé kan ládùúgbò náà gba dímà kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Houston. Imú ti wọlé nìyẹn. Bàbá ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Oníṣẹ́ iná tú páálí, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú, 120 ni wọ́n kọ síbí. Iná tiwa, 230 ni. Tí mo bá so ó, èéfín la máa kọ́kọ́ rí."

Kò tán síbẹ̀. Àpótí inú ògiri tiwọn rí gbọọrọ, tiwa sì ni 3 by 3 tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní kò burú. Wọ́n gba ọjà Alábà lọ, wọ́n ra èyí tó gba 230. Orí ti tẹ̀lé imú.

"Dádì, neutral ò sí nínú àpótí yìí o."

Ibí yìí ló yẹ ká ti dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà live nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá súwíìṣì, tó sì ń padà gòkè lọ bá gílóòbù. Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, ò kúrò lókè àjà. Súwíìṣì àtijọ́ ò torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà, kì í kúkú jẹun. Olóye ń jẹun. Tọ̀sán-tòru ló ń tẹ́tí sí Wi-Fi, bí kò bá sì rí neutral, inú gílóòbù ni yóò ti máa yọ́ iná jẹ. Ẹ ó pa iná tán, LED yóò ṣì máa ràn bàìbàì, tàbí kó máa ṣẹ́jú láàjìn òru. (Àwọn ayálégbé kan wà tí yóò ti kó ẹrù wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí oníṣẹ́ iná tó dé.) Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: ẹ lu ògiri kẹ́ ẹ fa neutral wá, tàbí kẹ́ ẹ ra irú èyí tí wọ́n ṣe fún ilé tí kò ní neutral, kẹ́ ẹ sì so capacitor kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù bí ìwé rẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ti kọjá.

Ó wá kan gílóòbù fúnra rẹ̀. Iná tó ń wọlé wa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dímà sì ń gé díẹ̀ nínú àlọ, díẹ̀ nínú àbọ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná ò bìkítà. LED tí wọn ò kọ "dimmable" sí lára ń bìkítà gan-an: yóò ṣẹ́jú, yóò kùn, yóò sì kú láìtọ́jọ́. Dímà àtijọ́ máa ń gé orí ìgbì iná. Ìdí ìgbì náà ni ọ̀pọ̀ LED fẹ́ kí wọ́n gé. Gílóòbù tó ń jẹ 60 tàbí 100 wáàtì ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn dímà àtijọ́ yẹn. Ẹ so LED 9 wáàtì kan ṣoṣo mọ́ ọn, kò ní mọ̀ pé ẹ so nǹkan kan.

Wi-Fi ńkọ́? Wi-Fi fẹ́ router, router fẹ́ iná, iná sì ti lọ. Ó di inverter. Ìgbì iná inverter olówó pọ́ọ́kú kì í sì í dán, kì í jẹ́ kí dímà mọ ibi tí yóò ti gé, ni gbogbo pálọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó di inverter olówó ńlá. Ẹlẹ́dẹ̀ ti wà láàárín ọgbà, ó ń hú ẹ̀gẹ́, Dádì sì ń bá a ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Houston.

Wọ́n ní dímà ń dín owó iná kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 lórí yúnìtì kan. Ní iye yẹn, LED 9 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí 5 jẹ nǹkan bíi náírà 10. Ẹ dín in sí ìdajì, ẹ jèrè náírà 5. Ká sọ pé súwíìṣì olóye fúnra rẹ̀ ń jẹ wáàtì 1 péré, ní wákàtí 24 tó fi ń retí àṣẹ yín, òun náà ti jẹ náírà 5 lé díẹ̀. Ẹ ti gba olùṣírò owó síṣẹ́, gbogbo èrè tó mú wá ló fi gba owó oṣù.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ajégúnlẹ̀ ti ń lo dímà tipẹ́. Wọ́n ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni Granville T. Woods, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí wọ́n lè fi máa dín iná ilé tíátà kù. Ní 1959, Joel Spira ní New York ṣe èyí tó kéré débi tó fi lè wọ inú ògiri ilé. Nígbà náà, ECN ló ń bójú tó iná wa. Ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ó bọ́ sọ́wọ́ Eko Disco ní 2013, aráàlú kò sì yí ohùn padà, NEPA náà ni. Half current, iná tí agbára rẹ̀ kò pé, náà kò yí padà. Tí alẹ́ bá lẹ́, tí gbogbo ojúlé tó wà lórí tíráńsífọ́mà kan bá tan áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì pọ̀, gílóòbù àtijọ́ á pọ́n, á máa ràn bàìbàì, láìsí fóònù, láìsí Wi-Fi. Àṣẹ ẹnu tí òyìnbó ń fi yangàn náà, àwa ti ní tiwa. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kí iná lè tàn, tiwa á kọ́kọ́ tàn, ká tó pariwo "Up NEPA!"

Síbẹ̀, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má rà á. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lóru kò nílò ìmọ́lẹ̀ yòò, àgbàlagbà tó ń dìde lọ tọ̀ kò nílò rẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo ètò tó wà lórí fóònù yẹn, àwọ̀ àti ìdá ọgọ́rùn-ún ni àwọn èèyàn wa ń fi ọwọ́ pa kiri, wọn kì í dé ibi tó kàn wá jù: kí ni súwíìṣì yóò ṣe tí iná bá lọ tó sì padà dé? Òmíràn, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ẹ̀kún ni yóò tàn. NEPA yóò mú iná wá ní aago méjì òru, gbogbo yàrá yóò ràn yòò, mítà yóò máa sáré, ọmọ yóò máa ké. Fún yàrá, ẹ yàn pé kó wà ní pípa. Fún pálọ̀, ẹ yàn pé kó padà síbi tí ẹ fi í sí kí iná tó lọ.

Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ máa rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí gílóòbù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ibẹ̀ ṣe òpin. Ọ̀sán gangan kọ́ ni kẹ́ ẹ dán an wò, alẹ́ tí half current ń jọba ni, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe nígbà tó bá wà lórí inverter. Ti bí iná ṣe ń yára tàn, ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì ti tó. Ẹni tó bá fi í sí mẹ́wàá torí pé ó rí i ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀fọn yóò ti ṣe tán lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Liverpool Road, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ tú àpótí inú ògiri wò bóyá neutral wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ ra gílóòbù tó gba dímà. Ẹ ra dímà tó ní bọ́tìnnì tí àlejò lè fọwọ́ tẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi súwíìṣì àtijọ́ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.