Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọmọ Tí Kò Jẹ́ Kí Ìyá Rẹ̀ Jẹ Iyán

Ìwọ ọmọ yìí,

Àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọdé, ṣùgbọ́n èmi ni mo lẹ́jọ́ láti rò, ni mo ṣe kọ́kọ́ lanu. Oyún rẹ ti wọ ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Kuje ló ti dúró fún ọ pé bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, èébì á dá. Oṣù mẹ́ta pé, o ò dáwọ́ dúró. Ó pé mẹ́rin, o tún tẹra mọ́ ọn. Àbí o kì í ka oṣù bíi tiwa ni?

Láàárọ̀ àná, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọjà Kuje, iṣu kan péré ni mo fẹ́ rà. Àwọn ìyá Gbàgyí kan ń bọ̀ níwájú mi, wọ́n gbé ẹrù lé èjìká bí wọ́n ṣe máa ń gbé e. Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni ẹnì kan ti da òróró sínú agbada àkàrà lẹ́bàá títì. Òórùn yẹn kò tíì dé imú mi tán tí itọ́ fi kún ẹnu mi. Gọ́tà ni mo sá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sọ ẹrù rẹ̀, ó bu omi fún mi, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Tẹ́lẹ̀, ara mi ni mò ń bú. Àṣé ìwọ ni! Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan, tí Marlena Fejzo ti Amẹ́ríkà àti Stephen O'Rahilly ti Cambridge wà lára wọn, tú àṣírí rẹ nínú ìwé ìròyìn Nature. Họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní GDF15 ló ń rin aláboyún dọ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ inú àti ibi rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù sì ti ń wá. Obìnrin tí họ́mónù yìí kò pọ̀ lára rẹ̀ kó tó lóyún ló ń jìyà jù, bí ẹni tí kò fẹnu kan ẹmu rí tí wọ́n wá gbé odidi ṣágo fún. Kate, ìyàwó ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, dèrò ọsibítù nítorí irú èébì yìí lọ́dún 2012. Ẹ̀yin ọmọ inú kì í tiẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń mọ bí mo ṣe ń tàn ọ́ ṣá. Bísíkíìtì gbígbẹ méjì kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ̀kọ tútù ń dúró, ọbẹ̀ gbígbóná kì í dúró. Nọ́ọ̀sì ní kí n sún oògùn ẹ̀jẹ̀ sí alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Bàbá rẹ ti gbé sítóòfù lọ sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ló ń sápamọ́ sí dín ẹyin bí olè. Aládùúgbò wa kan fún mi ní ńzù, amọ̀ jíjẹ yẹn, pé kí n máa jẹ, mo kọ̀ ọ́, torí òjé máa ń wà nínú rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìwọ ń lé oúnjẹ mi jáde, èmi ń ṣọ́ ọpọlọ rẹ!

Nọ́ọ̀sì yẹn tún ní àwọn mìíràn ń bì í títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èyí tí mo gbọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ ń yọjú wo lẹ́tà ẹlòmíràn náà gbọ́ ọ: bí omi lásán kò bá dúró nínú, tí ìtọ̀ dín kù tó sì dúdú, ẹ má jókòó sílé, ẹ lọ gba omi sára.

Ó ku nǹkan kan tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyá ọkọ mi ní olóògbé ọkọ àwọn kì í jẹ iyán tí kì í bá ṣe àwọn ni wọ́n gún un. Ti ẹlòmíràn kì í dúró nínú rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá ló padà dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ dárí gbogbo "ìwọ" tí mo ti ń pè yín bọ̀ láti òkè jì mí. Iṣu àná wà ní kíṣìnì. Màmá ń bọ̀ láti Ìlọrin ní Sátidé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa gún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró.