Ọkọ̀ Ọ̀fẹ́ Ìjàpá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti ọkọ̀ ojú omi kan.

Àwọn ẹranko etí odò Ọ̀sẹ̀ lápá Ọ̀wọ̀ ń wá ọkọ̀ tí yóò máa kó oúnjẹ àti epo lọ fún àwọn ọmọ ogun wọn tó ń ṣọ́ òkun. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ará Ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ṣebí àwọn náà ló ń dáwó. Ìjàpá ní ẹyẹ Idì tó wà lókè òkun ní ògbólógbòó ọkọ̀ kan tó fẹ́ fi ta ìlú lọ́rẹ.

“Ọ̀fẹ́ ni, Kábíyèsí,” ó wí fún Kìnnìún. “Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà ní ọkọ̀ Gallatin ní 2014, tó di NNS Okpabana? Láti 1968 ni wọ́n sì ti ń lò ó.”

Ọkọ̀ bá omi òjò gòkè odò dé. Ehoro fi èékánná họ ìdí rẹ̀. Èékánná wọlé ṣinrin, omi tẹ̀ lé e jáde. Ni Ìjàpá bá ṣí ìwé: owó tí a ó fi họ ìdógùn-ún, owó ọ̀dà, owó ẹ́ńjìnnì tuntun, owó tí a ó fi gbé ti àtijọ́ sọnù, owó oúnjẹ àwọn tí yóò dúró wo bí a ṣe ń gbé e. Ó mú agogo bí ẹni tó ń ṣọdún Igógó l'Ọ́wọ̀, ó dárin:

Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ti gúnlẹ̀ o
*Ó ku owó díẹ̀*
Ọ̀dà ti tán, ẹ́ńjìnnì ń bọ̀
*Ó ku owó díẹ̀*
Ẹni bá bèèrè lọ̀tá ìlú
*Ó ku owó díẹ̀*

Ehoro ò gbè é. Ó ní: “Ní 2023, nígbà tí wọ́n kọ bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ sábẹ́ ìṣúná Ọmọ Ogun Ojú Omi, àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá gbé owó náà lọ sórí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?”

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ìjàpá lu agogo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹnu sì gbà á: *Ó ku owó díẹ̀.*

Iṣu tán lábà, ọkọ̀ parí. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú tó ṣẹ́ kù, ara ilé Yánníbo ni wọ́n kùn ún sí. Wọ́n wá ti ọkọ̀ sínú Ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, omi ò mu Ewúrẹ́ dé orúnkún. Ọkọ̀ jókòó sórí àpáta gbàgà.

Gbogbo wọn kọjú sí Ìjàpá. Ó ti ń fa ìwé mìíràn yọ nínú ìkarahun: owó tí a ó fi gbẹ́ odò.

“Èló ni?” Kìnnìún bèèrè.

“Kábíyèsí, ẹ kọ́kọ́ san owó àwọn tí yóò wá wọn odò náà.”