Ta Ni Yóò Bi Ọ̀fun Ìyá Mi Léèrè?

Púpọ̀ nínú oògùn òyìnbó tí à ń lò ní Nàìjíríà, orí omi ló gbà dé, èbúté Àpápá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ń sọ̀. Èmi tí mò ń bá àwọn ajẹ́ǹtì sáré ìwé kiri Wharf Road lè búra fún yín: kí kọ̀ńténà gba àárín tírélà Àpápá kọjá, ó rọrùn ju kí hóró oògùn kan gba ọ̀fun ìyá mi kọjá l'Ájégúnlẹ̀ lọ.

Rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Ọwọ́ ti ń gbéra, ẹsẹ̀ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀fun nìkan ló ṣì ń ṣagídí. Nílé ìwòsàn, wọ́n béèrè ẹ̀sìn ìyá mi, wọ́n béèrè nọ́ńbà fóònù mi, wọ́n béèrè orúkọ bàbá mi tó ti kú tipẹ́, wọn ò sì gbàgbé owó ìdógò. Kò sẹ́ni tó ní, "Màmá, ṣé nǹkan ń lọ lọ́fun yín?" Wọ́n kàn kọ hóró oògùn jọ, ó dilé.

Nílé, gbogbo ayálégbé di dókítà. Làǹdílọ́ọ̀dù ní kí n rì í sínú òkèlè àmàlà, kí n fi ewédú tì í. Ẹnìkan ní mílíìkì ni ká fi pò ó. Bàbá kan ní ẹ̀yìnkùlé ní ògógóró ló ń tú ohun gbogbo. Ìyá Ìbejì ò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ọlọ ló gbé jáde, ọlọ tó fi lọ ata rodo láàárọ̀! Ìyá mi ní tiwọn á gba oògùn sẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di alẹ́ ká tó bá a lábẹ́ ìrọ̀rí.

Obìnrin apòògùn kan ní Àpápá ló yẹ páálí náà wò tó figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ̀ ọ́ o!" Nifedipine ni, "retard" sì wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ní lẹ́tà tí awò ojú mi ò lè kà. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ọmọ ọlọ bá ti gun orí rẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó ru tẹ́lẹ̀ á já wálẹ̀ kọjá ààlà, òòyì á sì gbé arúgbó ṣánlẹ̀. SR, XR, MR, EC lẹ́yìn orúkọ oògùn: ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn. Ṣé wọn ò lè kọ "má lọ̀ ọ́" gàdàgbà ni?

Apòògùn náà ní a lè ṣí ọ̀pọ̀ kápúsù omeprazole, ká da hóró wínníwínní inú rẹ̀ sórí oúnjẹ rírọ̀, kí aláìsàn gbé e mì láìrún un. Bí a bá lọ̀ ọ́, omi kíkan inú ikùn á bà á jẹ́. Mílíìkì a máa di ciprofloxacin mú, kò ní í jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ tó. Ẹ pò oògùn mọ́ odidi abọ́ ògì, kí màmá lá ṣíbí díẹ̀, kí wọ́n ní àwọn yó: ta ló mọ èyí tó kù sábọ́? Ìwọ̀n ṣíbí kan ló tó, kí aláìsàn sì jókòó dáadáa. Omi lásán pàápàá lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú.

Dókítà wá pààrọ̀ nifedipine sí amlodipine lásán, tó ṣeé lọ̀. Mo dúpẹ́. Ti ara ríro ńkọ́? Paracetamol olómi tàwọn ọmọdé, 125mg ló wà nínú 5ml. Àgbàlagbà tó yẹ kó lo hóró méjì, 1,000mg, á gbé 40ml mì lẹ́ẹ̀kan. Ìgò 60ml ò tó lílò ẹ̀ẹ̀mejì! Lọ́dún 2009 ni ilé iṣẹ́ Novartis gbé Coartem, oògùn ibà, èyí tó ń yọ́ nínú omi jáde fáwọn ọmọdé, wọ́n tún fi adùn ṣẹ́rì sí i, èso tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ ò rí rí. Wọ́n rántí ọmọ, wọn ò rántí ìyá.

Kẹ́mísì kan ládùúgbò wa ti gbé pátákó síta báyìí: "A ń bá yín lọ oògùn arúgbó." Mo béèrè bóyá wọ́n máa ń ka páálí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Wọ́n ní owó ìyẹn yàtọ̀.